Orúkọ Ẹranko Lẹ́nu Ọ̀nà: Ìdílé Yorùbá ní Ibùdó Ìgbàlejò Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́ Ilé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ipa tí ibùdó ìgbàlejò ọgbà orílẹ̀-èdè lè kó nínú fífi èdè lé ọmọ lọ́wọ́. Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́ Ilé ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni ó jẹ́ olú-ìlú Aláàfin nígbà kan, tí ó di igbó ọdẹ lẹ́yìn náà, tí ó sì jẹ́ igbó ọba lónìí. Ẹnu ọdẹ ni orúkọ ẹranko igbó ti ń dé etí ọmọ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òfin ti dá ìbọn ọdẹ dúró nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ibùdó ìgbàlejò ni ó kù tí ó lè ṣe àrólé ọdẹ ní ti orúkọ. Iṣẹ́ náà yẹ ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí ìdílé rìn wò, ó sì dá àbá lórí irú pátákó àlàyé tí yóò mú àgbà sọ̀rọ̀, tí yóò sì mú ọmọdé béèrè.

Ìfáárà

Nínú agbo ilé Yorùbá, a kì í mú àlejò láti ìta lọ tààrà sí ìyẹ̀wù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àlejò ń kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kí i kú àbọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní omi, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bi í léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀ àti ohun tí ó bá wá. Kí ó tó wọlé, ó ti mọ ẹni tí ó ni ilé, onílé sì ti mọ ọmọ ẹni tí òun gbà. Ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ jẹ́ fún agbo ilé ni ibùdó ìgbàlejò jẹ́ fún ọgbà orílẹ̀-èdè. Ìdílé tí ó wá fi ojú lóúnjẹ kì í ti ojú ọ̀nà bọ́ sínú igbó. Ilé kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí, níbi tí àwòrán ilẹ̀ wà lára ògiri, tí awọ àti agbárí ẹran wà lórí tábìlì, tí ẹ̀ṣọ́ igbó sì ń dúró de àlejò láti sọ ohun tí ó lè rí àti ohun tí ó léèwọ̀ fún un.

Ìbéèrè tí ó ṣe kókó ni èyí: nígbà tí ìdílé Yorùbá bá dé irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ Yorùbá, èdè wo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fi ń kí wọn? Ìbéèrè náà kò kéré. Ọmọ tí a bí sí Ìbàdàn tàbí sí Èkó lónìí lè dàgbà láì rí ẹtu àfi nínú ìwé. Èyí tí a bí sí London tàbí Houston, tí àwọn òbí rẹ̀ mú wálé fún ìsinmi, lè má tilẹ̀ rí i nínú ìwé Yorùbá kankan. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fojú kan ẹranko náà fún ìgbà àkọ́kọ́, orúkọ tí ó bá gbọ́ ní wákàtí náà ni ó ṣeé ṣe kí ó máa pè é títí dé ọjọ́ alẹ́.

Bí ibùdó ìgbàlejò ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní 1872 ni ìjọba Amẹ́ríkà ya ilẹ̀ Yellowstone sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà orílẹ̀-èdè, ní 1916 ni wọ́n sì dá àjọ tí yóò máa bójú tó irú àwọn ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ibùdó ìgbàlejò gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí kò tíì sí nígbà náà. Inú ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kan tí wọ́n ń pè ní Mission 66 ni ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 1956, wọ́n sì fẹ́ kí ó parí nígbà tí àjọ náà bá pé àádọ́ta ọdún. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìdílé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èrò sì ti kún àwọn ọgbà náà ju bí ilé àti ọ̀nà inú wọn ti lè gbà lọ. Wọ́n wá kó tábìlì ìbéèrè, yàrá àfihàn, gbọ̀ngàn àwòrán àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kan, kí àlejò lè mọ ibi tí ó dé kí ó tó rìn wọ inú rẹ̀.

Ní 1957, Freeman Tilden, tí ó ti jẹ́ oníròyìn àti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, tẹ ìwé kan jáde tí àwọn tí ń ṣiṣẹ́ àlàyé nínú ọgbà ṣì ń lò. Ìlànà mẹ́fà ni ó là sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kíka ìsọfúnni sétí àlejò yàtọ̀ sí ṣíṣe àlàyé fún un. Ìlànà kẹfà kan ìdílé gan-an: Tilden ní àlàyé tí a ṣe fún ọmọdé kò gbọdọ̀ jẹ́ ti àgbà tí a bu omi là; ọ̀nà mìíràn pátápátá ni kí a gbà bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ìlànà yìí dára, ṣùgbọ́n ó gbà láìsọ pé àgbà tí ó mú ọmọ wá ti mọ èdè tí pátákó ń sọ. Bí a ó ti rí i níwájú, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nínú ìdílé Yorùbá.

Ní Nàìjíríà, ọgbà Kainji ni ó ṣáájú àwọn yòókù, kí òfin 1991 tó fi àwọn mìíràn kún un, tí ti Ọ̀yọ́ Ilé sì wà lára wọn. Àwọn ìdílé Èkó mọ irú ìgbádùn yìí láti ibùdó ìpamọ́ ẹ̀dá tí ó wà ní Lẹ́kì. Ibùdó náà kì í ṣe ọgbà orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n afárá tí wọ́n so sókè láàrin àwọn igi rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ti sọ ọ́ di ibi tí àwọn òbí ń kó ọmọ lọ ní ọjọ́ ìsinmi. Àṣà kí ìdílé jáde lọ wo igbó ti ń gbilẹ̀ láàrin Yorùbá ìlú ńlá. Èdè tí yóò bá àṣà náà rìn ni ó yẹ kí àwọn onímọ̀ Yorùbá bìkítà fún.

Igbó ọba tí ó ti jẹ́ ìlú ọba

Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́ Ilé wà ní apá àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó sì nasẹ̀ dé Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú-lóròó, èyí tí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Igbó méjì ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ nígbà ìjọba amúnisìn: igbó apá òkè odò Ògùn ní 1936, àti igbó Ọ̀yọ́ Ilé ní 1941. Ní 1952 ni wọ́n sọ wọ́n di igbó ìpamọ́ ẹranko, ní 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ sì pa wọ́n pọ̀ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Nínú èdè ojoojúmọ́, irú igbó tí ìjọba fi òfin yí ká bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ gígùn: igbó ọba ni.

Ìjọba ni a ń pè ní ọba nínú gbólóhùn yẹn. Ṣùgbọ́n ní ti Ọ̀yọ́ Ilé, òótọ́ ni ní ọ̀nà méjì, nítorí pé ọba gan-an ni ó gbé inú igbó náà. Ibẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba Ọ̀yọ́ wà títí di ọdún 1830 sí 1840, nígbà tí ogun tú u, tí Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ mìíràn dó ní Àgọ́ Ọ̀jà, níbi tí ìlú Ọ̀yọ́ wà títí di òní. Ní 1826, kí ìtúká náà tó dé, Hugh Clapperton dé ọ̀dọ̀ Aláàfin Májòtú ní Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn Lander dé ibẹ̀ ní 1830. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ni Katunga, èyí tí àwọn Haúsá fi ń pe ìlú náà.

Orúkọ mẹ́ta ni ilẹ̀ kan yìí ní báyìí. Àwọn arìnrìn-àjò kọ Katunga. Òfin 1991 kọ Old Oyo, èyí tí ó ń sọ nípa Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ tí ó ti gbó. Yorùbá ń pè é ní Ọ̀yọ́ Ilé. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ń ka ọdún; orúkọ Yorùbá ń tọ́ka ibi tí a ti ṣẹ̀. Ọmọ tí ó ka ti àkọ́kọ́ yóò rò pé ìlú kan ti kú. Ọmọ tí ó gbọ́ ti èkejì yóò béèrè pé, «Ilé ta ni?» Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà: ilé àwọn tí ó di ará Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn lẹ́yìn ogun. Ìtúmọ̀ orúkọ nìkan ti tó láti sọ ìrìn-àjò ìgbafẹ́ di ìrìn-àjò àbọ̀wálé.

Ohun tí ó kù nílẹ̀ ń jẹ́rìí. Àwọn odi ìlú ṣì wà tí wọ́n ti wó di ebè. Àpáàdì ìkòkò wà káàkiri, ojú ọlọ wà lórí àpáta, igi oṣè sì dúró níbi tí agbo ilé ti wà rí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti ya àwòrán odi náà, iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé tí Babatunde Agbaje-Williams ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1983 sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ìlú náà. Inú ìlú Ọ̀yọ́ òde òní ni olú-iléeṣẹ́ ọgbà yìí wà. Ìdílé tí ó bá ti ibẹ̀ gbéra lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ń fi ẹ̀yìn rin ọ̀nà tí àwọn ènìyàn Àtìbà fi ojú rìn.

Ẹnu ọdẹ

Ọdẹ ni ó sọ ẹranko lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá. Àgbẹ̀ mọ èyí tí ń jẹ iṣu rẹ̀, alápatà mọ èyí tí ó ti kú, ṣùgbọ́n ọdẹ ni ó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ìrì, ohùn rẹ̀ lóru àti ọgbọ́n tí ó fi ń tan ènìyàn. Inú ìjálá ni ìmọ̀ náà wà. Ìwé tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1966 lórí ìjálá fi hàn pé yàtọ̀ sí oríkì ènìyàn àti ti Ògún, kíkí ẹranko, ẹyẹ àti igi kó ipa pàtàkì nínú ewì náà. Oríkì ẹranko kan lè sọ àwọ̀ rẹ̀, ìrìn rẹ̀, ohun tí ó ń jẹ, bí ẹran rẹ̀ ti rí lẹ́nu àti ewu tí ó wà nínú sísúnmọ́ ọn.

Irú ìmọ̀ yìí kan náà ni òwe gbé ró. Yorùbá ní, «Ìjímèrè tí ó lóun kò ní sá fún ajá, ojú ajá ni kò tíì tó o.» Ẹni tí kò bá mọ ìjímèrè yóò rò pé ọ̀bọ kan ṣáá ni, yóò sì béèrè ìdí tí kò fi gun igi kí ajá wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjímèrè, tí ó wà nínú igbó Ọ̀yọ́ Ilé, jẹ́ ọ̀bọ ọ̀dàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí ilẹ̀ ni ó ti ń wá oúnjẹ jù, tí eré sísá sì jẹ́ ààbò rẹ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko sọ pé òun ni ó yára jù nínú gbogbo ẹ̀yà ọ̀bọ, àti pé ó lè sá tó kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Òwe náà kò sọ̀rọ̀ nípa ojo. Ó ń sọ nípa ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lójú, tí kò tíì pàdé ohun tí yóò dán ẹsẹ̀ náà wò. Ẹni tí ó bá rí ìjímèrè lórí eré nínú koríko kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ òwe náà fún un.

Bákan náà ni ti ẹfọ̀n. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ sọ pé ọdẹ kan rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó di obìnrin arẹwà, obìnrin náà sì ni Ọya. Ìdí nìyí tí ìwo ẹfọ̀n fi wà ní ojúbọ òrìṣà náà. Ẹni tí kò bá dá ìwo náà mọ̀ yóò wo ojúbọ Ọya láì rí Ọya.

Òfin tí ó sọ igbó di ọgbà orílẹ̀-èdè ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀ nínú rẹ̀. Òfin náà ní ìdí tí ó yè kooro: bí ìbọn àti tàkúté kò bá sinmi, kò ní sí ẹranko tí ẹnikẹ́ni yóò sọ lórúkọ. Síbẹ̀, ọdẹ tí kò wọ inú igbó kò ní rí ẹran, ẹni tí kò sì rí ẹran kò ní kí i. Ọmọ ọdẹ ti lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti lọ sí yunifásítì. Òfin dá ẹranko sí. Kò dá orúkọ sí. Ààlà tí ó wà láàrin méjèèjì ni ibùdó ìgbàlejò dúró lé lórí.

Ọjọ́ kan nínú ìrìn ìdílé

Kí a mú ìdílé kan ní àpẹẹrẹ, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà wà níbẹ̀, tí a tọ́ dàgbà nílé ọdẹ ní Òkè-Ògùn. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n gbéra ní ìdájí, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé nígbà òjò koríko ọ̀dàn ga ju ènìyàn lọ, ẹran tí ó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá kò sì ní hàn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ti gbẹ, omi ti dín kù, ẹranko sì ń wá sí etí odò. Wọ́n di mọ́ínmọ́ín àti omi tútù dání. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó ìgbàlejò, àwọn ọmọ sáré lọ síbi agbárí ẹran.

Bí gbogbo pátákó inú ilé náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Bàbá àwọn ọmọ yóò ka «antelope» sókè. Èyí èwe yóò béèrè pé, «Dádì, kí ni Yorùbá rẹ̀?» Bàbá yóò ní, «Ìgalà ni.» Ìyá yóò ní, «Àgbọ̀nrín mà ni.» Àwọn méjèèjì yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì kọjá sí pátákó kejì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yẹn ni ó ti gbé ẹtu, èsúró, ìgalà, àgbọ̀nrín, egbin àti ìrá mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà, tí ó lè ya wọn sọ́tọ̀ láti ẹsẹ̀ wọn lórí ilẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Ilé náà ti bá a sọ̀rọ̀ ní èdè tí kò kà, ó sì ti gbà pé kì í ṣe òun ni ó ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀.

Èyí ni ibi tí ìlànà Tilden kò ti tó fún wa. Ó rí ọmọdé àti àgbà, ìpele méjì. Ìpele mẹ́ta ni ó wà nínú ìdílé yìí: ẹni tí ó mọ̀ kò kà, ẹni tí ó ń kà kò mọ̀, ẹni tí ó sì ń béèrè dúró láàrin wọn. Pátákó elédè kan ti yí ipò ẹnì kọ̀ọ̀kan padà. Ọmọ tí ó mọ ìwé di olùkọ́, ìyá àgbà sì di ẹni tí a ń fà lọ́wọ́ kiri. Yorùbá ní, «Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.» Níhìn-ín, a ti fi ọgbọ́n ọmọdé pa ọgbọ́n àgbà lẹ́nu mọ́.

Kí a wá yí ohun kan ṣoṣo padà. Kí ẹ̀ṣọ́ igbó gbé ìwo ńlá kan lórí tábìlì, kí ó kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ó sì ní, «Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo èyí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?» Ìyá àgbà yóò gbà á, yóò yí i sọ́tùn-ún sósì. «Ìwo ẹfọ̀n rèé. Ní ojúbọ Ọya ni mo ti ń rí i láti kékeré.» Ọmọ yóò béèrè pé, «Ìyá àgbà, kí ni ìwo ẹran ń ṣe ní ojúbọ?» Ìtàn ọdẹ àti obìnrin tí ó bọ́ awọ yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bàbá tí ó ń wo aago yóò sì dẹ́kun wíwo aago, nítorí pé òun náà kò gbọ́ ọ rí. Ìwo náà kò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni owó ìwọlé kò lé. Ẹni tí a kọ ìbéèrè sí ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, igbó kan

Kíkọ Yorùbá sára pátákó kò tó. Bí a ti kọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ àmì ojú ọ̀nà nílẹ̀ Yorùbá ni kò ní àmì ohùn. Nínú igbó Ọ̀yọ́ Ilé, àìsí àmì ohùn yóò da ìtàn gbogbo ibẹ̀ rú. Lẹ́tà mẹ́rin péré, o-g-u-n, ni ó gbé e kalẹ̀.

Ògùn ni odò tí ó gba inú ọgbà náà kọjá, tí ó ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta tí ó sì dé ọ̀sà Èkó. Odò yìí ni Yorùbá mọ̀ mọ́ Yemọja, òrìṣà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú gbé kọjá òkun, tí wọ́n ń pè ní Iemanjá ní Brazil àti Yemayá ní Cuba. Ògún ni òrìṣà irin àti ti ọdẹ, ẹni tí a ń sun ìjálá fún. Ogun ni ohun tí ó tú Ọ̀yọ́ Ilé. Ogún ni ohun tí àwọn tí ó kú fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó wà láyé. Bí pátákó bá kọ «ogun» lásán, ọmọ tí kò gbọ́ èdè náà nílé kò ní mọ èyí tí ó wà níwájú rẹ̀ nínú mẹ́rin. Bí ó bá fi àmì sí i, pátákó kékeré kan tí ó to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lè sọ ìtàn odò, òrìṣà, ìtúká ìlú àti ìdí tí a fi ń pa igbó náà mọ́, láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí pátákó lè ṣe

Ohun tí à ń béèrè yìí kì í ṣe àjèjì nínú ayé àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè. Ní Wales, àwọn aláṣẹ ọgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Snowdonia pinnu ní 2022 pé Eryri, orúkọ rẹ̀ ní èdè Welsh, ni àwọn yóò máa lò. Ní Australia, ibùdó àṣà tí wọ́n ṣí ní Uluru ní 1995 gbé ọ̀rọ̀ àti òfin àwọn Anangu, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà, sí iwájú àlejò kí ó tó rí àpáta. Ní ibi méjèèjì, orúkọ onílé ni ó ṣáájú, àlejò sì ń kọ́ ọ.

Ní ti Yorùbá, ìṣòro díẹ̀ wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Èkíní, orúkọ ẹranko kò dọ́gba láti ìlú sí ìlú. Àwọn kan ń fi ìgalà àti àgbọ̀nrín pe ẹranko kan náà, àwọn mìíràn sì ya wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì fi àgbọ̀nrín pe ẹran tí òùngbẹ ń gbẹ nínú Sáàmù 42, tí kì í ṣe ẹran ilẹ̀ Yorùbá rárá, ọ̀pọ̀ sì ti ibẹ̀ mọ orúkọ náà ju láti inú igbó lọ. Ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham tẹ̀ jáde ní 1958 wúlò fún irú ìwádìí yìí, ṣùgbọ́n ìwé kò lè rọ́pò ẹnu ọdẹ. Dípò kí ibùdó yan orúkọ kan kí ó sì pa ìyókù, ó sàn kí ó kọ èyí tí àwọn àgbà àdúgbò fẹnu kò sí, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún ìbéèrè kan: «Kí ni wọ́n ń pè é ní ìlú yín?» Ìbéèrè náà yóò mú àgbà láti Èkìtì àti àgbà láti Ṣakí sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ wọn. Bí ibùdó bá sì ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí èdè láì ná owó ìwádìí.

Èkejì, Yorùbá nìkan kọ́ ni ó ń ṣe ìbẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá nìkan kọ́ ni ó bá igbó náà pààlà. Àwọn Ìbàrìbá àti Fúlàní wà ní agbègbè náà, wọ́n sì ní orúkọ tiwọn. Kò sí ẹni tí ó ní kí a yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Ohun tí ó tọ́ ni kí èdè onílé kọ́kọ́ kí àlejò, kí àwọn èdè yòókù tẹ̀ lé e, bí ó ti rí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìmọ̀ ọdẹ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣeé gbé sórí ògiri. Ọfọ̀ àti àṣírí egbòogi wà lára rẹ̀, àwọn tí ó ni ín ni yóò sọ èyí tí àlejò lè gbọ́. Orúkọ, oríkì, òwe àti ìtàn kò sí lábẹ́ èèwọ̀ yẹn. Àwọn àgbà ọdẹ tí òfin gba ìbọn lọ́wọ́ wọn nínú igbó ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ pè síbẹ̀, kí a gba ohùn wọn sílẹ̀, kí àlejò tẹ bọ́tìnnì kan kí ó sì gbọ́ bí wọ́n ti ń kí ìjímèrè. Ìmọ̀ tí ó ń pa ẹran tẹ́lẹ̀ yóò wá di èyí tí ń sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹran náà run.

Ìgúnlẹ̀

Yorùbá gbà pé ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibùdó ìgbàlejò ní Ọ̀yọ́ Ilé ní ohun méjì láti wò: ilé tí àwọn babańlá ọ̀pọ̀ àlejò rẹ̀ ti wá, àti àwọn ẹ̀dá tí ó gba ilé náà lẹ́yìn wọn. Ìdílé tí ó bá dé ibẹ̀ kò wá kàwé. Wọ́n wá ṣeré, wọ́n wá jẹ mọ́ínmọ́ín lábẹ́ igi, wọ́n wá rí ohun tí wọn kò rí rí. Èyí gan-an ni ó mú kí àǹfààní náà tóbi, nítorí pé ohun tí ọmọ bá fi ayọ̀ gbọ́ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè kò ju agbára wọn lọ. Wọ́n lè bá àwọn àgbà ọdẹ jókòó kí orúkọ tó bá wọn wọ ilẹ̀, wọ́n lè fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ pátákó, wọ́n sì lè kọ́ ẹ̀ṣọ́ igbó láti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọjú ìbéèrè sí nígbà tí ìdílé bá wọlé. Bí wọn kò bá ṣe é, igbó lè wà, ẹran lè pọ̀ sí i, kí ọmọ Yorùbá sì dúró lórí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ Ilé, kí ó nàka sí ìgalà ní etí odò Ògùn, kí ó má ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu àfi èyí tí ó yá.